Ọdún tí Mo Pe Ọ̀gá Ilé-Ìwé ní Jímù

Ọ̀rọ̀ tí bàbá mi kórìíra jù láyé kò ju lẹ́tà kan lọ. "O" ni. Bí ẹnikẹ́ni tó kéré sí wọn bá wọ ṣọ́ọ̀bù wọn ní Muṣin, tó ní "Ṣé o ti parí àga mi?" dípò kó ní "Ṣé ẹ ti parí ẹ̀?", àga yẹn ò ní parí lọ́dún yẹn. Káfíńtà ni bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í pariwo rárá. Bí ènìyàn bá ṣì wọ́n pè, wọn á rọra gbé òòlù sílẹ̀, wọn á nu ọwọ́, wọn á sì bi ẹni náà tìfẹ́tìfẹ́ pé ọdún wo ni wọ́n bí i. Mo fojú mi rí akọ̀wé kan tó wọ kóòtù tó dọ̀bálẹ̀ sórí èérún pákó nítorí tábìlì ìjẹun. Ẹ sì wò ó, bí mo ṣe dàgbà tó yìí, tí irun mi ti funfun, tí bàbá mi sì ti lọ tipẹ́, mi ò lè kọ "ó" nípa wọn sínú ìwé. "Wọ́n" ni màá máa kọ. Bí ẹ bá wá ń rò pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni mò ń sọ̀rọ̀ wọn, ẹ fara dà á, bàbá kan ṣoṣo ló bí mi.

Ilé tí à ń gbé, ilé oníyàrá púpọ̀ ni, kọ́rídọ̀ rẹ̀ gùn láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìnkùlé níbi tí ẹ̀rọ omi wà. Yàrá méjì ni tiwa: Bàbá àti Màmá nínú ọ̀kan, èmi àti Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, nínú èkejì. Ariwo ló máa ń jí wa. Àlájì tó ń gbé yàrá iwájú á kọ́kọ́ pe ìrun. Lẹ́yìn náà, garawa á bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn lẹ́nu ẹ̀rọ, asọ̀rọ̀mágbèsì tí wọ́n kàn mọ́ ògiri á wúkọ́ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ìròyìn, Ìyá Ràfíù tí yàrá wọn kọjú sí tiwa á sì máa bá sítóòfù wọn jà pé kò fẹ́ tàn. Ìgbà náà ni Bàbá á lu agogo kékeré kan, gbogbo wa á sì kúnlẹ̀ nínú yàrá wọn fún àdúrà òwúrọ̀. Kí n tó ti ibẹ̀ dé balùwẹ̀, mo ti kúnlẹ̀ fún ìdajì àwọn ayálégbé, ẹ káàárọ̀ mà, ẹ káàárọ̀ sà, ṣé dáadáa lẹ jí. Ìyá Àgbà máa ń yẹ orúnkún mi wò nírọ̀lẹ́. Bó bá mọ́ jù, wọn á ní kí n dárúkọ ẹni tí mi ò kí lọ́jọ́ náà.

Inú ilé yìí ni wọ́n ti mú mi lọ sí haisukúù àwọn Amẹ́ríkà. Àwọn òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Ìlúpéjú ló dá a sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tiwọn, kí àwọn ọmọ náà má bàa gbàgbé ẹ̀kọ́ ìlú wọn kí wọ́n tó padà sílé. Lọ́dún yẹn, wọ́n ní àwọn fẹ́ gba ọmọ Nàìjíríà díẹ̀ mọ́ra lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé mi ní Muṣin ní kí n lọ ṣe ìdánwò wọn, mo sì yege. Àdéhùn ibẹ̀ ni pé ọdún kan ni màá kọ́kọ́ lò. Bí ọdún náà bá parí, tí mi ò já wọn kulẹ̀, tí bàbá mi sì fọwọ́ sí i, wọn á jẹ́ kí n dúró títí màá fi jáde. Màmá, tí wọ́n yọ kúrò ní ilé-ìwé nígbà èwe wọn kí wọ́n lè máa gbé àbúrò pọ̀n, bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ lọ́jọ́ tí a gbọ́ ìròyìn náà. Bàbá ní kò sóhun tó burú ńbẹ̀, àmọ́ ohun kan ṣoṣo ni àwọn máa ṣọ́, ẹ̀kọ́ ilé. Lọ́jọ́ tí àwọn bá rí i pé mo ti sọ ọ́ nù sọ́dọ̀ òyìnbó, lọ́jọ́ náà ni àwọn á wá mú mi relé, kí òyìnbó máa ka ìwé tó bá kù.

Aṣọ ni wàhálà àkọ́kọ́. Ilé-ìwé náà ò ní yunifọ́ọ̀mù. Màmá ò gbà á gbọ́. Wọ́n ní bí ọmọ bá sọnù lọ́jà, kí ni wọ́n á fi mọ̀ pé ọmọ ilé-ìwé ni? Nítorí náà, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wọ lọ, èyí tó ní ribọ́ọ̀nù lẹ́yìn, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ funfun tó gùn dé orúnkún. Bọ́ọ̀sì wọn, ràgàjì kan tó pọ́n bí ìyeyè, kò lè wọ àdúgbò wa, ojú títì ló dúró sí, gbogbo ọmọ àdúgbò sì sìn mí dé ibẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń sin ìyàwó. Ìgbà tí mo dé ilé-ìwé, ṣòkòtò jíìnsì tó ti ya lórúnkún ni àwọn ọmọ olówó wọ̀nyẹn wọ̀, òwú rẹ̀ ń fà nílẹ̀. Mo délé, mo sọ ọ́, àánú ṣe Màmá. Òwú àti bọ́tìnì ni Màmá ń tà lọ́jà. Lọ́jọ́ kejì wọ́n kó òwú aláwọ̀ aró àti abẹ́rẹ́ lé mi lọ́wọ́ pé kí n bá àwọn ọmọ yẹn rán an, pé ó dà bíi pé àwọn ìyá wọn ò sí nítòsí. Mo kó o lọ. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Nánsì jókòó jẹ́jẹ́ kí n rán tirẹ̀, ó wá ń fi han gbogbo kíláàsì, ó ní èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa ṣe òun lóore ní Èkó. Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Orúkọ mi náà dá wàhálà tirẹ̀ sílẹ̀. Dúpẹ́ ni mò ń jẹ́. Olùkọ́ tó kọ́kọ́ pe orúkọ wa pè mí ní nǹkan kan tó jọ "Dúùpù", kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Nánsì ló wá ṣàlàyé fún mi pé lédè àwọn, ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ ọ́ nílé, torí Bàbá ìbá fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbé lọ láti Muṣin sì tún bá mi dá kún un. Wọ́n bi mí pé iṣẹ́ wo ni bàbá mi ń ṣe. Ṣé ẹ mọ̀ pé mi ò lè pe bàbá mi ní "hì", bí wọ́n ṣe ń pe ọkùnrin kan ṣoṣo ní gẹ̀ẹ́sì? Ẹnu mi ò gbà á. "Dèé" ni mo pè wọ́n, èyí tó túmọ̀ sí wọ́n, bó ṣe yẹ kí ọmọ gidi sọ ọ́. Mo ní bàbá mi, káfíńtà ni dèé, dèé máa ń jí ní kùtùkùtù, dèé ò fẹ́ràn ariwo. Nánsì wá rọra bi mí pé bàbá mélòó ni mo ní. Èmi náà fi òótọ́ inú rò ó. Bàbá wà, ẹ̀gbọ́n wọn wà ní Ìbàdàn, àbúrò wọn méjì sì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá mi sì ni gbogbo wọn. Mo ní mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ náà gba ilé-ìwé kan. Títí ọdún fi parí ni wọ́n ń bi mí pé àwọn bàbá mi ńkọ́, èmi náà á sì dáhùn pé wọ́n wà dáadáa, wọ́n ń kí yín.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jímù. Jímù ni ọ̀gá ilé-ìwé náà, ọkùnrin gíga kan tí irun orí rẹ̀ funfun bí òwú, tí bàbá mi ìbá dìde fún nínú bọ́ọ̀sì. Ó ní kí gbogbo ọmọ máa pe òun ní Jímù. Kì í ṣe Mísítà Jímù o, Jímù lásán. Òun nìkan ni àgbàlagbà tí màá pè ní "ó" nínú ìtàn yìí, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Mo kọ́kọ́ ń pè é ní sà, ó ní kò sí sà níbí. Mo gbìyànjú Bọ̀dá Jímù, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo wá pinnu pé mi ò ní pè é ní nǹkan kan mọ́. Bí mo bá nílò rẹ̀, màá lọ dúró síwájú rẹ̀, màá wúkọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ tí mo ti ń wúkọ́ sí i báyìí, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́, ó mú mi lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì ilé-ìwé pé àyà ọmọ yìí ò dáa. Nọ́ọ̀sì fún mi ní oògùn ikọ́. Kí ni ǹ bá sọ? Mo gbé e mu.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sá ni yàrá kan tó wà lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, níbi tí wọ́n kó awò sí, irú èyí tó máa ń sọ nǹkan tíńtín di ńlá. Olùkọ́ kán omi gọ́tà sórí gíláàsì péńpé kan, wọ́n ní kí n fojú sí i. Mo fojú sí i, mo rí ayé kan níbẹ̀. Àwọn nǹkan tí mi ò mọ orúkọ wọn ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n ń lé ara wọn, wọ́n ń jẹ ara wọn, nínú omi tí à ń fò kọjá lójoojúmọ́ ní Muṣin láìbojú wẹ̀yìn. Mi ò lè jẹ búrẹ́dì ọ̀sán mi lọ́jọ́ náà. Mo gbé omi ẹ̀rọ wa lọ, mo gbé omi ìkòkò Ìyá Àgbà lọ, mo fọ́ eṣinṣin kan mo gbé ìyẹ́ rẹ̀ lọ. Ilé-ìwé tí mo ti wá ò ní irú awò yẹn, mi ò sì mọ ilé-ìwé kankan tí bàbá mi lè rán mi lọ tó ní i. Mo ti rí ohun tí mo fẹ́ fi ayé mi ṣe. Tí wọ́n bá mú mi kúrò níbẹ̀, ó ti tán fún mi nìyẹn, mo sì mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn Kérésìmesì ni ahọ́n mi tú. Jímù gbàgbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sórí tábìlì wa, ó ti ń jáde lọ, kí n tó ronú, ẹnu mi ti là, mo ti pariwo "Jímù!" Mo dúró pé kí ilẹ̀ là. Ilẹ̀ ò là. Ó yí padà, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó dúpẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é bó ṣe wù mí, kí n má parọ́, ó sì ń dùn mọ́ mi lẹ́nu. Ìgbà mìíràn wà tí mi ò ní nǹkan kan tí mo fẹ́ bá a sọ, màá kàn pè é kí n lè gbọ́ bó ṣe ń dún.

Nílé, Bàbá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń fi kún ọmọ àwọn. Nírọ̀lẹ́ Sátidé kan, bí a ṣe ń jẹ ẹ̀bà àti ilá lọ́wọ́, wọ́n ní kí n sọ gẹ̀ẹ́sì kí àwọn gbọ́. Bàbá gbọ́ gẹ̀ẹ́sì ìṣó, gẹ̀ẹ́sì pákó àti ti íńṣì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní báwo ni màá ṣe bi àwọn pé ṣé ẹ ti jẹun? Mo sọ ọ́. Wọ́n ní bí ó bá jẹ́ Ràfíù, tí mo fi ọdún púpọ̀ jù lọ, báwo ni màá ṣe bi í? Mo tún un sọ. Bàbá gbé òkèlè dúró, wọ́n ní nǹkan kan náà ni àwọn gbọ́ yẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní ajá onílé wa ńkọ́, tí mo bá fẹ́ bi ajá bóyá ó ti jẹun? Mo mọ̀ pé ibi tí à ń lọ ò dáa, ṣùgbọ́n mi ò lè parọ́ gẹ̀ẹ́sì. Mo tún un sọ. "Yú ni èmi," Bàbá sọ, "yú ni Ràfíù, yú ni ajá." Wọ́n ṣan ọwọ́ wọn. Wọ́n ní láti òní lọ, gẹ̀ẹ́sì ò gbọdọ̀ wọ yàrá àwọn mọ́, bó bá ń yún mi lẹ́nu, kí n lọ sọ ọ́ fún àwọn adìyẹ lẹ́yìnkùlé. Ìyá Àgbà dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ gbé omi, àwa tó mọ̀ wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rín ni wọ́n lọ rín ní kọ́rídọ̀. Bí mo ṣe ń kàwé mi fún adìyẹ nìyẹn, mi ò sì tíì rí kíláàsì tó tẹ́tí sílẹ̀ bíi tiwọn láti ìgbà náà.

Nígbà tí ọdún fẹ́ parí, Jímù ní kí n sọ fún àwọn ará ilé mi pé kí wọ́n wá, kí àwọn jọ sọ̀rọ̀ lórí bóyá màá dúró. Màmá ní àyà àwọn ò lè gbà á, àwọn á wà nílé nínú ààwẹ̀. Bàbá wọ agbádá, Ìyá Àgbà gbé àpò wọn dání, a sì lọ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo ti fi ń kọ́ ẹnu mi. Lẹ́nu ẹ̀rọ, sà. Nínú balùwẹ̀, sà. Mo pe Jímù ní sà fún àwọn adìyẹ. Nígbà tí a sì dé géètì, mo ṣe dáadáa. Jímù jáde wá, ó bọ Bàbá lọ́wọ́, ó tẹrí ba fún Ìyá Àgbà, mo ní "Gúdù mọ́níìn, sà", inú Bàbá dùn, mo rí i lójú wọn. Jímù wá ń ṣáájú wa lọ sí ọ́fíìsì, àmọ́ nítorí pé kò fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí àlejò, ẹ̀yìn ẹ̀yìn ló ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń nawọ́ sí ilé yìí àti igi yìí. Gọ́tà ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí ó kó sí i. Orúkọ rẹ̀ jáde lẹ́nu mi geere, pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń pe Ràfíù kúrò nídìí ìkòkò ẹran. "Jímù!"

Jímù fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì ń lọ. Bàbá ò lọ. Wọ́n wo irun funfun orí ọkùnrin náà, wọ́n wò mí, wọ́n tún wo irun náà.

"Ṣé orúkọ wọn lo pè yẹn?"

Bàbá gbé agbádá wọn sí èjìká, wọ́n sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ tí ò ju èmi àti Ìyá Àgbà lọ. Wọ́n ní ó ti parí. A máa wọlé, a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn bí ọmọlúàbí, a ó sì kó ẹrù mi relé. Yàrá òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì yẹn ni mò ń wò láti ibi tí mo dúró sí, wọ́n ti ṣí fèrèsé rẹ̀.

Nínú ọ́fíìsì, Jímù ti to àga mẹ́rin sílẹ̀ fún àwọn bàbá mi, ìkarùn-ún fún Ìyá Àgbà. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà bóyá àwọn tó kù ń bọ̀. Bàbá bi mí pé ta ni a ń dúró dè, mo ní bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Èmi ni ògbufọ̀. Bàbá ní kí n sọ fún wọn pé àwọn dúpẹ́, pé wọ́n ṣe é bí ènìyàn, ṣùgbọ́n àwọn ń mú ọmọ àwọn relé, torí ẹ̀kọ́ tí àwọn fi kọ́ ọ ti ń bọ́ lára rẹ̀. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ tó lé mi jáde ní ilé-ìwé, mi ò yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Jímù gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ó bi Bàbá pé kí ni òun ṣe, kí ni ilé-ìwé ṣe, ó sì kó "yú" jọ sínú ìbéèrè náà. Bàbá ò gbọ́ ìyókù, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ìyẹn. Gbogbo ìgbà tó bá sọ ọ́ ni ìpéǹpéjú wọn ń gbọ̀n. Mo wá ṣàlàyé fún Jímù fúnra mi. Mo sọ nípa "o" àti "ẹ", mo sọ nípa orúkọ àgbàlagbà, mo sì sọ nípa ajá onílé wa.

Jímù ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n sọ fún bàbá mi pé láyé àtijọ́, gẹ̀ẹ́sì náà ní méjèèjì. "Dáù" ni wọ́n ń pe ọmọdé àti ẹni tí wọ́n mọ̀ dáadáa, "yú" sì ni wọ́n ń pe àgbà, òun kan náà ni wọ́n ń pe ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tó yá, wọ́n gbé dáù jù nù, wọ́n ń pe gbogbo ayé ní yú. Mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá gbórí sókè.

"Ṣé wọ́n ń sọ pé ẹ̀yin ni yú?"

Mo bi Jímù, Jímù ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá ní kí n bi wọ́n bóyá ajá náà ń jẹ́ ẹ̀yin. Jímù ní ajá náà. Bàbá wo ojú fèrèsé fún ìgbà díẹ̀, mo sì mọ̀ pé ajá onílé wa ni wọ́n ń rò, èyí tó ti gbé ẹja wọn sá lọ rí. Mo rí i pé ọkàn wọn ń rọ̀. Ìrètí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nínú mi. Wọ́n wá ní kí n bi wọ́n, ta ni wọ́n wá ń pè ní ìwọ báyìí? Jímù ní kò sẹ́nì kankan. Ó tún ní àfi Ọlọ́run, àwọn àgbà ṣì ń lo dáù nínú àdúrà. Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Kò tíì tán lẹ́nu mi tí mo fi fẹ́ gbé e mì padà.

Bàbá dìde. "Ajá ń jẹ́ ẹ̀yin," wọ́n ní, "Ọlọ́run wá ń jẹ́ ìwọ?" Wọ́n na ọwọ́ sí mi pé ká máa lọ, pé àwọn ò ní gbọ́ èyí tó bá kù.

Ìyá Àgbà ò tíì sọ nǹkan kan láti ìgbà tí a ti dé. Àpò wọn ló wà lórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń wo àwọn àwòrán ara ògiri. Wọ́n pe bàbá mi ní oríkì wọn, ohùn wọn ò sì le.

"Àjàní, kí lo pe Ọlọ́run láàárọ̀ yìí?"

Bàbá la ẹnu. Mo rí i tí àdúrà òwúrọ̀ náà ń kọjá lójú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwọ yìí, ìwọ yẹn, tìrẹ ni, ọwọ́ rẹ la wà, o ṣé. Wọ́n pa ẹnu dé. Wọ́n jókòó. Wọ́n ní ìyẹn yàtọ̀. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n sọ ibi tó ti yàtọ̀ kí àwọn náà mọ̀ ọ́n. Bàbá kàn ń tún ọrùn agbádá wọn ṣe. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àpò bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn, Jímù bẹ̀rẹ̀ ó bá wọn gbé e, ó bi mí pé kí ni Ìyá Àgbà sọ. Èmi tí mo ti túmọ̀ ìdájọ́ ara mi láti àárọ̀, mi ò lè túmọ̀ ìyẹn. Nígbẹ̀yìn, Bàbá ní kí n sọ fún wọn pé àwọn á ránṣẹ́ lọ́la. Mi ò mọ̀ bóyá ó dáa tàbí ó burú.

A délé, Bàbá lọ bọ́ agbádá. Ìyá Àgbà ló sọ ọ́ fún gbogbo kọ́rídọ̀, wọ́n ń ṣe bí Jímù, wọ́n ń ṣe bíi Bàbá, wọ́n tiẹ̀ ṣe bí ajá. Ìyá Ràfíù rẹ́rìn-ín títí ata wọn fi jóná. Mo gbọ́ tí Bàbá rọra yà sọ́dọ̀ Àlájì láti bi wọ́n pé nígbà tí Àlájì náà bá ń bẹ Ọlọ́run ní Yorùbá, kí ni wọ́n ń pè É. Àlájì ní ìwọ ni. Wọ́n ní àwọn ò ronú sí i rí. Bàbá padà sí yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Lónìí, mo máa ń gbọ́ àwọn ọmọ-ọmọ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn tí wọ́n ń ní "Ẹ ṣé, Jésù", wọ́n sì rò pé bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mi ò bá wọn jiyàn. Nígbà tiwa, kò sẹ́ni tó ń pe Ọlọ́run ní ẹ̀yin, kò sì sẹ́ni tó ń bi ara rẹ̀ pé kí ló dé. Màmá ò jẹun nírọ̀lẹ́ náà, èmi náà ò jẹ. Mo kó àwọn ìwé mi jọ sínú àpò kan, kí wọ́n má bàa ní kí n kó wọn lójú ẹkún láàárọ̀.

Ilẹ̀ mọ́, agogo lù, a kúnlẹ̀. Bàbá wúkọ́. Wọ́n wá ní, "Ẹ̀yin Ọlọ́run, Bàbá wa." Màmá lajú. "A kí yín. A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún oorun àná. Ẹ kú wàhálà wa." Ó ń dún bí ìgbà tí Ọlọ́run jẹ́ onílé, tí a sì fẹ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún òrùlé ṣe. Ìyá Àgbà ki etí ìborùn bọ ẹnu. Mo ń gé ètè jẹ. Bàbá ní, "Ẹ jọ̀wọ́, bí kò bá ní ni yín lára," wọ́n sì dúró. Wọ́n tún un gbìyànjú, wọ́n tún dúró. Mo yọjú wo Bàbá. Òógùn ti bo iwájú orí wọn, wọ́n sì di ọwọ́ méjèèjì mú bí ẹni tí ń wá nǹkan tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwọ," Bàbá ní. Ohùn wọn ti yí padà. "Ìwọ lo mọ̀ mí. O mọ̀ pé kì í ṣe inú ló ń bí mi, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí kí ọmọ yìí má lọ mọ ìwé débi tí kò ní mọ̀ mí mọ́. Mi ò lè tẹ̀ lé e dé ibi tó ń lọ. Ìwọ tẹ̀ lé e. Jẹ́ kí ó kàwé níbẹ̀ títí yóò fi jáde. Kí o sì bá mi bù kún Jímù."

Jímù lásán ni wọ́n pè é, wọn ò fi nǹkan kan ṣáájú rẹ̀. Màmá ti ń sunkún kí wọ́n tó parí. Mo ṣe àmín sókè débi pé Àlájì bá mi ṣe é láti yàrá iwájú.